Kí ló dé tí oògùn tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe ò fi rí Salmonella pa?

Ìbéèrè tó wọlé sọ́dọ̀ mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Adìẹ ni mò ń sìn, ọmọ mi sì ń ka micro ní yunifásítì. Ó ní ara èèyàn fúnra ẹ̀ máa ń ṣe nǹkan bí áńtíbáyótíìkì, pé adìẹ náà ń ṣe é. Mo wá bi í pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí taifọ́ọ̀dù fi dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ó ní awọ òde bakitéríà ló fà á. Mo ní ṣé irin ni awọ yẹn ni, kò rí i ṣàlàyé. Mo tún rí i lára ike oògùn adìẹ mi pé kọlisítìn wà nínú ẹ̀, ọmọ yìí bá pariwo pé kí n má lò ó mọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń lọ ni, àbí ó kàn ń fi ìwé halẹ̀ mọ́ mi?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ náà o, ẹ sì kú wàhálà àwọn adìẹ. Ọmọ yín ò halẹ̀ mọ́ yín rárá. Salmonella ni ìdílé bakitéríà tí èyí tó ń fa taifọ́ọ̀dù ti wá, òun ni mo fi ṣe àkọlé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń lọ, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n tiẹ̀ jọ ń gbà wọlé, ẹ máa rí i tí mo bá dé ìdí kọlisítìn, áńtíbáyótíìkì inú ike yín yẹn. Ti irin yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá àti ṣúgà ló pọ̀ jù lára awọ yẹn, tínínrín sì ni. Agbára ẹ̀ wà nínú pé bakitéríà mọ bó ṣe lè pààrọ̀ aṣọ níbi tí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́. (Èmi kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, inú láàbù ni mo ti ń jẹun, ẹ máa rántí ìyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tí ara wa ń ṣe yẹn. Pẹ́pítáìdì là ń pè é, ìyẹn ègé purotéènì kéékèèké. Ẹ kàn wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Purotéènì gidi lè ní ìlẹ̀kẹ̀ 300 tàbí 400, àmọ́ èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú ti èèyàn, LL-37, ìlẹ̀kẹ̀ 37 péré ló ní, L méjì iwájú yẹn sì ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ó wà lára awọ wa, ó wà nínú itọ́, nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìfun kékeré, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní Paneth, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa da oríṣi míì tó ń jẹ́ defensin síbẹ̀. Àwọn adìẹ yín náà ní tiwọn, wọ́n ní mẹ́rin tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí LL-37 àti ọ̀pọ̀ defensin, torí náà òótọ́ lọmọ yín sọ. Kò sì tíì pẹ́ tí a mọ nǹkan wọ̀nyí. Hans Boman ní Sweden gún bakitéríà sára kòkòrò kan tó jọ labalábá nígbà tó ṣì wà nínú ilé òwú ẹ̀, kòkòrò yẹn ò kú, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá wá oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kàn, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1981. Nígbà tó di 1987, Michael Zasloff ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé àwọn àkèré ilẹ̀ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó bá rán wọn tán tó dà wọ́n padà sínú omi tí ò mọ́, egbò wọn kì í kẹ̀. Awọ ara àkèré yẹn ló ti rí tiẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn àkèré yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí àìmọye èèyàn ló ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àkèré ṣáájú ẹ̀ tí wọn ò bi ara wọn léèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa bakitéríà? Ẹ wo bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ó ní ojú pọ́sítíìfù ó ní ojú nẹ́gétíìfù, èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù sì máa ń fa nẹ́gétíìfù mọ́ra. Pẹ́pítáìdì wọ̀nyí, pọ́sítíìfù ló pọ̀ lára wọn, LL-37 fi 6 lé. Ojú bakitéríà ní tiẹ̀ kún fún nẹ́gétíìfù. Tí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Sẹ́ẹ̀lì tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ ní nẹ́gétíìfù lójú òde, ó tún ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó ń mú un dúró, ìyẹn ni pẹ́pítáìdì ò ṣe tètè yíjú sí wa. Tó bá wá ti lẹ̀ mọ́ bakitéríà tán, apá kan lára ẹ̀ tó fẹ́ràn ọ̀rá á rì sínú awọ yẹn, á ya á, nǹkan inú á máa jò síta, ó parí.

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn, ẹ ò ní bi mí ní ìbéèrè yìí.

Oríṣi bakitéríà méjì gbòógì ló wà, aró ni wọ́n sì fi dá wọn mọ̀. Hans Christian Gram, ọmọ Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, rẹ bakitéríà láró ní 1884, ó wá fi ọtí líle fọ̀ ọ́, ó rí i pé àwọn kan di aró yẹn mú ṣinṣin, àwọn kan sì jẹ́ kó ṣàn lọ. Àwọn tó jẹ́ kó lọ yẹn là ń pè ní Gram-nẹ́gétíìfù títí dòní, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan o, ọ̀rọ̀ aró nìyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń pa méjèèjì pọ̀ nínú ìdánwò. Salmonella wà nínú wọn, E. coli wà níbẹ̀, kọ́lẹ́rà náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé awọ méjì ni wọ́n wọ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, ògiri tínínrín kan sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹyin, ẹ gbọ́ èyí: funfun ẹyin ní nǹkan kan nínú tó ń jẹ́ lysozyme, ó wà nínú omijé náà, Alexander Fleming kọ nípa ẹ̀ ní 1922, ṣáájú penicillin. Ògiri yẹn ló máa ń wó. Àmọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ Salmonella, kò lè dé ìdí ògiri, awọ òde ti bò ó mọ́lẹ̀. Awọ òde yẹn ní ihò kéékèèké tí oúnjẹ ń gbà wọlé, àmọ́ nǹkan tó bá ti wúwo ju bíi 600 dalton (ìwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan tíntìntín bí ìwọ̀nyí) lọ kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá. LL-37 tó 4,500. Ẹ wo bó ṣe fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé.

Kò wá lè gba ihò wọlé, ó gbọ́dọ̀ la ara awọ fúnra ẹ̀ kọjá, ibí yìí gan-an ni ìjà wà. Apá òde awọ yìí, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní LPS ló kún ibẹ̀. LPS ní ìdí ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní lípídì A, ó sì ní ṣúgà gígùn tó ń jọ irun lókè. Lára lípídì A yẹn ni fọ́sífétì wà, nẹ́gétíìfù ni fọ́sífétì. Ẹ wá rò ó, àìmọye nẹ́gétíìfù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣebí ó yẹ kí wọ́n máa ti ara wọn dànù? Magnẹ́síọ̀mù àti kálísíọ̀mù ni kò jẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní pọ́sítíìfù méjì, wọ́n dà bí ọmọ tó di bàbá ẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún tó di ìyá ẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì, tí àwọn méjì yẹn ò fi lè túká. Pẹ́pítáìdì á dé pẹ̀lú pọ́sítíìfù 6, á ti ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á jókòó síbẹ̀. Àmọ́ ó sanra ju ọmọ lọ, ibẹ̀ á fẹ̀, á di àlàfo, àwọn pẹ́pítáìdì míì á gba ibẹ̀ rọ́ wọlé. Robert Hancock ní Vancouver ni orúkọ ẹ̀ jáde jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó ń sọ ni pé pẹ́pítáìdì fúnra ẹ̀ ló ń la ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Kí wá ni Salmonella ń ṣe sí i? Ẹ bá mi dé Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ àwọn ìyá aládìrẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ibì kan funfun lára aṣọ, wọ́n á se láfún di ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún síbẹ̀, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Ohun tí Salmonella ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní ṣúgà kan tó ní pọ́sítíìfù lára, aminoarabinose, ó máa ń fi bo orí fọ́sífétì lípídì A. Ó tún ní ẹ̀kọ kejì, phosphoethanolamine, òun náà ní pọ́sítíìfù. Tí wọ́n bá ti kun nẹ́gétíìfù yẹn pa, kí ló kù tó máa fa pẹ́pítáìdì mọ́ra? Kì í kun gbogbo ẹ̀ o, ó kàn ń dín in kù débi tí pẹ́pítáìdì ò ní rí ibi lẹ̀ mọ́ dáadáa.

Kò tán síbẹ̀. Lípídì A máa ń ní ìrù ọ̀rá 6, Salmonella á tún so ìkeje mọ́ ọn, PagP lorúkọ ẹni tó ń bá a so ó, gbogbo ẹ̀ á wá fún pọ̀ bí èrò inú dánfó, pẹ́pítáìdì tó fẹ́ rì sínú ẹ̀ ò ní ráàyè. Ó tún fi ọ̀bẹ sẹ́nu ọ̀nà: purotéènì kan tó ń jẹ́ PgtE dúró sójú awọ òde, LL-37 àti irú ẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn, á gé e sí wẹ́wẹ́. Ọ̀bẹ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nígbà tí irun ṣúgà LPS bá gùn torí irun á bò ó lójú, àmọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì funfun wa irun yẹn máa ń kúrú, ọ̀bẹ á sì jáde. Tó bá wá jẹ́ Salmonella Typhi tó ń fa taifọ́ọ̀dù, ó tún ní ìborùn ṣúgà míì tó máa ń dà lé gbogbo ẹ̀ lórí, Vi ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára taifọ́ọ̀dù ìgbàlódé.

Màmá, ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé, ibẹ̀ náà ló sì dùn mí jù. Salmonella kì í kun ẹ̀kọ yẹn nígbà gbogbo. Ìnáwó ni, kò sẹ́ni tó ń wọ agbádá lọ sóko. Ó ní olóde kan tó dúró sára awọ inú tó kọjú síta, PhoQ lorúkọ ẹ̀, ẹni tó ń pariwo fún ń jẹ́ PhoP. Iṣẹ́ PhoQ ni kó máa ṣọ́ magnẹ́síọ̀mù, ó sì tún máa ń mọ̀ tí ibì kan bá kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun wa bá gbé Salmonella mì, inú àpò tó máa bá ara ẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń kan, PhoQ á ti mọ̀ pé òun ti wọlé ọ̀tá. Àmọ́ ní 2005 wọ́n fi hàn pé LL-37 àti ẹgbẹ́ ẹ̀ fúnra wọn ń lẹ̀ mọ́ PhoQ, wọ́n ń ti magnẹ́síọ̀mù tó wà lára ẹ̀ dànù, kíá ni olóde á ti ta jí, PhoP á ké sí àwọn tó ń kun ẹ̀kọ, tó ń so ìrù, tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ṣé ẹ rí i? Ohun ìjà tí ara wa kó jáde láti fi pa á ló lọ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àwọn tó bá gba tiwọn ní kíkún lójú ẹsẹ̀ á kú, àwọn tó bá gba díẹ̀ á gbọ́n. Mo máa ń rò ó bí ọlọ́pàá tó ń fọn fèrè kó tó dé ilé olè.

Ká má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní 1989, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé Salmonella tí jíìnì PhoP ẹ̀ (ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tó fi ń ṣe PhoP) bàjẹ́, defensin máa ń pa á wẹ́rẹ́, kì í sì lè ṣe eku ní nǹkan kan tó ṣe gbòógì. Lẹ́yìn náà, ní 1996, wọ́n yọ PhoP àti PhoQ kúrò lára Typhi gan-an, wọ́n fún àwọn èèyàn díẹ̀ tó yọ̀ǹda ara wọn mu, taifọ́ọ̀dù ò mú wọn, ara wọn sì kọ́ bó ṣe máa mọ Typhi lójú. Ẹ wo bí jíìnì méjì péré ṣe fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ń dùbúlẹ̀ àti ẹni tí ò dùbúlẹ̀.

Àwọn yòókù náà mọ ọgbọ́n yìí, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Kọ́lẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961 tó sì dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1970, El Tor lorúkọ ẹ̀, glycine ló ń fi bo lípídì A. Kọ́lẹ́rà àtijọ́ kì í kùn ún tó bẹ́ẹ̀, débi pé oògùn kan tó ń jẹ́ polimísìn làwọn ará láàbù fi máa ń dá méjèèjì mọ̀ tẹ́lẹ̀: èyí tó bá kú, ti àtijọ́ ni, èyí tí ò kú, El Tor ni. Kòkòrò àjàkálẹ̀ inú eku tó pa àìmọye èèyàn ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ní irú ọ̀bẹ PgtE yẹn náà, Pla ni tiẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Acinetobacter tó máa ń dààmú àwọn tó wà ní ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ẹ̀ le jù ní ọsibítù: àwọn kan nínú wọn bọ́ LPS sọnù pátápátá, wọ́n ní tí kò bá sí aṣọ kí lẹ fẹ́ fà ya. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ tòjò tòjò, òtútù á mú un, àwọn áńtíbáyótíìkì míì tí kò lè wọlé tẹ́lẹ̀ á wá máa wọlé sí i lára.

Ó dáa, kọlisítìn ó.

Kọlisítìn àti polimísìn, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, pẹ́pítáìdì ni àwọn náà. Bakitéríà inú ilẹ̀ kan ló ń ṣe é, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1940. Pọ́sítíìfù ló kún ara ẹ̀, magnẹ́síọ̀mù ló máa ń tì dànù, ibi tí LL-37 ń gbà wọlé ni òun náà ń gbà. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn dókítà pa á tì nígbà kan torí ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, àmọ́ nígbà tí àwọn oògùn tó kù ò ṣiṣẹ́ mọ́ wọ́n sáré padà sídìí ẹ̀, ó wá di oògùn tí wọ́n ń fi ṣe ààbò ìkẹyìn fún ẹni tó ń kú lọ. Lásìkò kan náà, àwọn àgbẹ̀ káàkiri ayé ń pò ó sínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti omi adìẹ kí ẹran lè tètè sanra. Ní oṣù November 2015, àwọn ará China kéde jíìnì kan tí wọ́n rí lára E. coli ẹlẹ́dẹ̀, mcr-1. Iṣẹ́ mcr-1 ni kó fi phosphoethanolamine bo lípídì A, ẹ̀kọ kejì tí mo sọ yẹn gan-an. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orí plásímíìdì ló wà, ìyẹn òrùka DNA tí bakitéríà kan lè fún èkejì bí ẹni ń yá aládùúgbò ní ọlọ, kódà tí wọn kì í bá ṣe irú kan náà. Wọ́n ti rí i ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n rí i ní Nàìjíríà náà. China fòfin de kíkó kọlisítìn sínú oúnjẹ ẹran ní 2017, mcr-1 sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kọjá àtúnṣe.

Ní 2023 ni àwọn olùwádìí kan ní Oxford wá bi irú ìbéèrè tí ọmọ yín ń bi láìmọ̀: E. coli tó ní mcr-1, ṣé kọlisítìn nìkan ló ń sá fún? Wọ́n kó pẹ́pítáìdì adìẹ, ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti èèyàn jọ, wọ́n dán an wò. Àwọn tó ní mcr-1 le sí pẹ́pítáìdì inú ara náà ju àwọn tí ò ní i lọ, wọ́n le sí omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n sì tún pa ìdin tí wọ́n gún wọn sí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Torí náà, oògùn tẹ́ ẹ pò sómi adìẹ lè máa kọ́ bakitéríà bó ṣe máa sá fún oògùn tí Ọlọ́run fi sára adìẹ yẹn fúnra ẹ̀, àti èyí tó wà lára yín. Ohun tí ọmọ yín ń pariwo lé lórí nìyẹn, bóyá kò kàn rí ọ̀rọ̀ tó máa fi gbé e kalẹ̀ ni.

Ẹ má wá tìtorí ẹ̀ rò pé adìẹ yín ló kó taifọ́ọ̀dù ràn yín. Salmonella Typhi kì í gbé ara adìẹ, èèyàn nìkan ló ń bá jà, omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ èèyàn ti kàn ló ń gbà wá. Àwọn Salmonella míì ni adìẹ ń kó, èyí tó ń fúnni ní inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ṣáà máa se ẹyin jinná. Àti pé ẹ̀ẹ̀mejì tí taifọ́ọ̀dù dá yín dùbúlẹ̀ yẹn, ṣé Widal ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Widal máa ń purọ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kó ní taifọ́ọ̀dù ni kò ní i. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n gbìn ín ní láàbù kí wọ́n wo ohun tó máa hù, ó máa gba ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ìyẹn lẹ lè gbára lé.

Ní ti ike oògùn yẹn, mo ti rí irú wọn, kọlisítìn pẹ̀lú tẹtirasáíkílìn pẹ̀lú fítámì ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀, àwọn tó ń tà á á sì ní kẹ́ ẹ máa fún òròmọdìyẹ ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ "kó má ṣàìsàn." Èyí tí kò tíì ṣàìsàn kò nílò ẹ̀. Fítámì nìkan wà lọ́jà, ẹ ra ìyẹn. Tí adìẹ bá wá ṣàìsàn lóòótọ́, ẹ pe dókítà ẹran kó wò ó kó tó dárúkọ oògùn, ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ èyí tó ní kọlisítìn àyàfi tí kò bá sí òmíràn. Èyí tó kù nínú ike, ẹ má dà á sí gọ́tà o, bakitéríà gọ́tà náà ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbé e fún dókítà ẹran yẹn lọ́jọ́ tó bá wá, òun ló mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí.